Ẹ má fọwọ́ kan apá òsì: bí a ṣe ń kọ ìdọ́gba ìlà tó jẹ́ párálẹ́ẹ̀lì sí òmíràn

Ìbéèrè náà kì í gùn. Wọ́n á fún wa ní ìdọ́gba ìlà kan, wọ́n á fún wa ní ojú àmì kan, wọ́n á ní ká kọ ìdọ́gba ìlà tó gba ojú àmì yẹn kọjá, tó sì jẹ́ párálẹ́ẹ̀lì sí ìlà àkọ́kọ́. Ìyẹn ni pé kí ìlà méjèèjì jọ máa lọ, kí àlàfo àárín wọn má fẹ̀ sí i, kó má sì dín kù. Ìṣirò tí kò ju ìlà mẹ́rin lọ lórí ìwé ni. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni àmì àyọkúrò ti ń sọnù, ibẹ̀ ni ìdá ti ń gun orí ìdá, tí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa á sì kọ ohun tí kò tọ̀nà sílẹ̀.

Ohun tó fà á ni pé ọ̀nà tí wọ́n kọ́kọ́ fi ń kọ́ wa kò kúrú. Ó tọ̀nà o, ṣùgbọ́n ó ń mú wa tú ohun tí kò yẹ ká tú, ká tó tún padà wá tò ó. Ọ̀nà kan wà tí kì í tú nǹkan kan. Mo máa ṣàlàyé méjèèjì, nítorí ẹni tí kò bá mọ ìdí tí èkejì fi ń ṣiṣẹ́ kò ní mọ ìgbà tí òun bá ṣì í lò.

Kí ló ń dí ìlà méjì lọ́wọ́ láti pàdé?

Yàtọ̀ sí ìlà tó dúró lóòró, gbogbo ìlà tààrà la lè kọ báyìí:

y = mx + c

m ni ìdagẹ̀rẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní gradient tàbí slope ní kíláàsì. Bí x bá fi 1 lọ síwájú, m ni iye tí y fi gòkè tàbí tó fi sọ̀ kalẹ̀. c ni ibi tí ìlà náà ti gé àsíìsì y, ìyẹn ìlà òòró tí a fi ń ka y lórí gíráàfù. Ká wá ní ìlà méjì ló wà níwájú wa. Bí wọ́n bá máa pàdé, y ti èyí àti y ti ìyẹn gbọ́dọ̀ dọ́gba níbì kan:

m₁x + c₁ = m₂x + c₂
(m₁ − m₂)x = c₂ − c₁

Bí m₁ àti m₂ bá yàtọ̀, a lè fi ìyàtọ̀ wọn pín apá ọ̀tún, x kan á jáde, ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé. Bí wọ́n bá dọ́gba, apá òsì di òdo, x pòórá, ohun tó ṣẹ́ kù ò ju 0 = c₂ − c₁ lọ. Bí c méjèèjì bá yàtọ̀ síra, irọ́ ni ohun tí a kọ yẹn, kò sì sí x tó lè sọ ọ́ di òótọ́. Wọn ò ní pàdé láéláé nìyẹn. Bí c méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan náà ńkọ́? A jẹ́ pé ìlà kan ṣoṣo la kọ lẹ́ẹ̀mejì.

Nítorí náà, m jẹ́ ogún tí ìlà tuntun jẹ lọ́wọ́ ìlà àtijọ́. c nìkan là ń wá.

Ìdáhùn kan péré ló sì máa ń wà. Láti ojú àmì tí kò sí lórí ìlà kan, ìlà kan ṣoṣo ló lè gba ibẹ̀ kọjá tí kò ní pàdé ìlà náà. Bí John Playfair, onímọ̀ ìṣirò ará Scotland, ṣe gbé e kalẹ̀ ní 1795 nìyẹn, ó sì rọrùn láti gbọ́ ju òfin karùn-ún tí Euclid, onímọ̀ ìṣirò ará Gíríìsì àtijọ́, fi lélẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Kristi. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún wa ni pé bí ẹni méjì bá ṣe iṣẹ́ kan náà tí ìdáhùn wọn kò jọra, yálà ọ̀kan nínú wọn ṣì í, tàbí kó jẹ́ pé ohun kan náà ni wọ́n kọ ní ọ̀nà méjì. Kí ẹ tó pa iṣẹ́ yín rẹ́, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá 2x + 3y = 7 yín ni ẹnìkejì kọ ní y = −2/3x + 7/3.

Ọ̀nà àkọ́kọ́, lórí èyí tó rọrùn

Ìlà y = 3x − 5, ojú àmì (2, 7).

m jẹ́ 3, nítorí náà ìlà tuntun ní láti jẹ́ y = 3x + c. Ojú àmì wa wà lórí rẹ̀. Bí x bá jẹ́ 2, y gbọ́dọ̀ jẹ́ 7:

7 = 3 × 2 + c
7 = 6 + c
c = 1

Ìdáhùn ni y = 3x + 1.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí kì í ṣe ti ìṣirò rárá. Àwọn kan á gbé 3, wọ́n á gbé −5 mọ́ ọn, wọ́n á wá máa wá ibi tí wọ́n máa ki (2, 7) bọ̀. Àwọn mìíràn á fi 7 sí ipò x, wọ́n á fi 2 sí ipò y, nítorí pé y ló ṣíwájú nínú ìdọ́gba, bẹ́ẹ̀ x ló ṣíwájú nínú àkámọ́. Ẹ kọ x = 2, y = 7 sí ẹ̀gbẹ́ ìwé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, àṣìṣe yẹn kò ní ráyè wọlé.

A tún lè wo iṣẹ́ kan náà báyìí, èyí sì ló ń fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ hàn jù. Ní x = 2, ibo ni ìlà àtijọ́ wà? 3 × 2 − 5 = 1. Ojú àmì wa wà ní 7. Ó fi 6 ga ju ìlà náà lọ. Ìlà méjèèjì sì jọ ń gòkè ní ìwọ̀n kan náà, nítorí náà 6 yẹn kò ní yí padà: ní x = 0, ní x = 100, ní x = −40, 6 náà ni. Ṣe la kàn gbé ìlà àtijọ́ sókè ní 6. c rẹ̀ kúrò ní −5, ó di 1. Ẹni tó bá ti rí i báyìí lè fi ojú inú mọ̀ bóyá c tuntun yẹ kó pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ tàbí kó kéré sí i, kó tó fọwọ́ kan bírò.

Ibi tí m ń sá pamọ́ sí

Nínú y = 3x − 5, m kò sá pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àmọ́ àwọn tó ń ṣètò ìdánwò mọ bí wọ́n ṣe ń bò ó, ohun tí wọ́n sì fi ń bò ó kò le.

Ẹ wo y = 7 − 4x. Nọ́ńbà tí ojú kọ́kọ́ bá pàdé ni 7, òun ni ọ̀pọ̀ sì ń mú. Nọ́ńbà tó wà níwájú x ni m, àmì tó wà níwájú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá a rìn: −4. Bí ìlà tuntun bá gba (3, −2) kọjá, −2 = −12 + c, c jẹ́ 10, ìdáhùn sì ni y = 10 − 4x.

Nínú y = x/2 + 9, m jẹ́ 1/2, kì í ṣe 2. x tí a pín sí méjì, ìdajì x ni. Nínú 4y = 3x − 8, m kì í ṣe 3, nítorí y kò tíì dá dúró, 4 ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ fi 4 pín gbogbo rẹ̀, y = 3/4x − 2, m jẹ́ 3/4.

Ojú àmì tó ní òdì nínú náà ní wàhálà tirẹ̀, pàápàá fún àwọn tó ń lo y − y₁ = m(x − x₁), níbi tí (x₁, y₁) ti jẹ́ ojú àmì tí wọ́n fún wa. Ká ní m jẹ́ 1/2, ojú àmì jẹ́ (−1, −6). Yíyọ òdì kúrò ló ń di ìròpọ̀:

y + 6 = 1/2(x + 1)
y = 1/2x + 1/2 − 6
y = 1/2x − 11/2

Ẹni tó bá kọ y − 6 ní ìlà àkọ́kọ́ ti sọ ojú àmì náà di (−1, 6), gbogbo ohun tó bá ṣe lẹ́yìn ìyẹn lè tọ̀nà, ìdáhùn á ṣì jẹ́ ti ìlà mìíràn.

Nígbà tí x àti y bá wà lápá kan náà

Ibí ni iṣẹ́ wà. Ìlà 2x + 3y = 12, ojú àmì (−4, 5).

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ní ká dá y dúró:

3y = −2x + 12
y = −2/3x + 4

Ẹ wo iye ohun tó lè bàjẹ́ nínú ìlà méjì péré yìí. Ẹnì kan lè mú 2 ní m, nítorí òun ló rí níwájú x. Ẹlòmíràn á rántí pín, ṣùgbọ́n á gbàgbé pé àmì yí padà nígbà tí 2x sọdá, á sì mú 2/3. Ẹnì kẹta á yí ìdá náà dorí kodò, á kọ −3/2. Ẹ̀wẹ̀, 12 tí a làágùn pín di 4 yẹn, òfò ni. Ìlà tuntun kò nílò rẹ̀ fún ohunkóhun.

Ẹ jẹ́ ká ṣì bá a lọ:

5 = −2/3 × (−4) + c
5 = 8/3 + c
c = 15/3 − 8/3 = 7/3

y = −2/3x + 7/3. Bí a bá fi 3 ṣe ìlọ́po gbogbo rẹ̀ láti lé ìdá lọ, ó di 3y = −2x + 7, ìyẹn 2x + 3y = 7.

Ẹ wá gbé ìbéèrè àti ìdáhùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn:

2x + 3y = 12
2x + 3y = 7

Apá òsì kò yí padà. A tú u palẹ̀, a sọ ọ́ di ìdá, a tún un tò, ó padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe àkọsẹ̀bá. Ìlà èyíkéyìí tó bá wà ní ax + by = k, tí b kì í ṣe òdo, ìdagẹ̀rẹ́ rẹ̀ ni −a/b. k kò sí nínú rẹ̀. Ẹ yí k bó ṣe wù yín, ìlà náà á kàn máa sún síwájú tàbí sẹ́yìn láìyí ìdagẹ̀rẹ́ padà. Bí ẹ bá sì fẹ́ kó gba ojú àmì kan pàtó kọjá, k gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí apá òsì bá fún yín ní ojú àmì yẹn.

Nítorí náà:

2(−4) + 3(5) = −8 + 15 = 7

Ó tán. Kò sí ìdá, kò sí ohun tó sọdá, kò sí àmì tó yí.

Ohun tó kù ni ìfarabalẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fi nọ́ńbà sí ipò x àti y. Àkámọ́ ni kí ẹ máa lò, pàápàá bí nọ́ńbà bá ní òdì. Ẹ wo 5x − 2y = 1 pẹ̀lú (−3, −4):

5(−3) − 2(−4) = −15 + 8 = −7

Ìdáhùn ni 5x − 2y = −7. Ẹni tí kò lo àkámọ́ á kọ −15 − 8, á rí −23, kò sì ní mọ̀ pé òun ti ṣì í nítorí 5x − 2y = −23 ṣì jẹ́ párálẹ́ẹ̀lì sí ìlà àkọ́kọ́. Ohun tó jẹ́ kí àṣìṣe yìí burú nìyẹn: gíráàfù rẹ̀ á dára lójú, ìlà méjèèjì á jọ máa lọ bó ṣe yẹ, àmọ́ kò ní gba ojú àmì wa kọjá.

Bí òdo bá wà lápá ọ̀tún, ẹ kọ́kọ́ lé nọ́ńbà tó dá dúró kúrò lápá òsì. 3x − y + 8 = 0 pẹ̀lú (1, 4): 3x − y = −8 ni ìlà àtijọ́, 3(1) − 4 = −1, nítorí náà 3x − y = −1, tàbí 3x − y + 1 = 0 bí wọ́n bá fẹ́ ẹ ní ìrísí ti ìbéèrè. Ẹni tó bá fi 8 sílẹ̀ nínú ìṣirò á rí 3 − 4 + 8 = 7, á kọ 3x − y + 7 = 0, ìyẹn kò sì kan ojú àmì náà rárá. Bí ìdá bá wà nínú ìdọ́gba, bíi x/3 + y/2 = 1, ẹ fi 6 ṣe ìlọ́po gbogbo rẹ̀ kó di 2x + 3y = 6 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ìbéèrè bá sọ pé y = mx + c ni àwọn fẹ́, ẹ ṣe é ní ọ̀nà yìí náà, kí ẹ wá dá y dúró ní ìparí. Ìdá á wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí kò lè ba nǹkan kan jẹ́ mọ́.

Ìlà òòró àti ìlà ìbú

x = 4 kò ní m. Ìlà tó dúró ṣánṣán ni, x rẹ̀ kì í yí padà, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣírò ìdagẹ̀rẹ́ rẹ̀ á fi òdo pín nǹkan. Ìlà tó jẹ́ párálẹ́ẹ̀lì sí i, tó gba (−3, 9) kọjá, ni x = −3. Fún y = −2, tó nà gbalaja, tó sì gba ojú àmì kan náà, ìdáhùn ni y = 9. Àwọn tó ń fi dandan lo y = mx + c máa ń há síbí; ọ̀nà apá òsì kì í há, nítorí apá òsì ni x, x sì jẹ́ −3 níbẹ̀.

Nígbà tí wọn ò fún wa ní ìdọ́gba

Nígbà mìíràn, ojú àmì méjì lórí ìlà àtijọ́ ni wọ́n máa fún wa. Ká ní (−2, 1) àti (4, −3) ni, ká sì ní ìlà tuntun gba (3, 0) kọjá. Ìdagẹ̀rẹ́ ni (−3 − 1) pín sí (4 − (−2)), ìyẹn −4/6, −2/3. Ojú àmì tí ẹ bá fi ṣáájú lókè gbọ́dọ̀ ṣáájú nísàlẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹ bá yí ọ̀kan tí ẹ ò yí ìkejì, ìdagẹ̀rẹ́ á di 2/3, ìlà tó yẹ kó máa sọ̀ á máa gòkè.

Àwa ò tiẹ̀ nílò ìdá náà. Láti ojú àmì kìíní sí èkejì, x fi 6 lọ síwájú, y fi 4 sọ̀ kalẹ̀. Ẹ gbé ìrìn y, −4, ẹ yí àmì rẹ̀, ẹ fi síwájú x. Ẹ gbé ìrìn x, 6, ẹ fi síwájú y bó ṣe wà: 4x + 6y. Méjì wọ inú méjèèjì: 2x + 3y. Fi (3, 0) sí i, 6 jáde. 2x + 3y = 6. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì lórí apá òsì tí ẹ kọ, ẹ fi ojú àmì méjèèjì àkọ́kọ́ sí i. 2(−2) + 3(1) = −1, 2(4) + 3(−3) = −1. Nọ́ńbà kan náà ló jáde, a jẹ́ pé apá òsì tọ̀nà.

Ohun kan náà la fi ń parí àwọn ìbéèrè tó ní igun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjì-méjì jẹ́ párálẹ́ẹ̀lì. A(0, 1), B(4, 3), C(6, 8), wọ́n ní ká wá D. Ẹ̀gbẹ́ AB lọ síwájú ní 4, ó gòkè ní 2, apá òsì rẹ̀ ni x − 2y. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí i gba C kọjá: 6 − 16 = −10, x − 2y = −10. Ẹ̀gbẹ́ BC lọ síwájú ní 2, ó gòkè ní 5, apá òsì rẹ̀ ni 5x − 2y. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí i gba A kọjá: 0 − 2 = −2, 5x − 2y = −2. Yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú èkejì: 4x = 8, x jẹ́ 2, y jẹ́ 6. D ni (2, 6).

Àwọn ìbéèrè tó ní ẹ̀tàn

Ìlà 3x − y = 5, ojú àmì (2, 1). Fi sí i: 6 − 1 = 5. Ìdáhùn wá jẹ́ 3x − y = 5, ìyẹn ìlà tí wọ́n fún wa. Ẹ má rò pé ẹ ti ṣì í. Ojú àmì náà ti wà lórí ìlà àtijọ́ látilẹ̀, nítorí náà kò sí ìlà mìíràn tó lè gba ibẹ̀ kọjá kó má pàdé rẹ̀. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìdáhùn yín.

Òmíràn: iye wo ni k gbọ́dọ̀ jẹ́ kí kx + 6y = 9 lè jẹ́ párálẹ́ẹ̀lì sí 2x − 3y = 4? Ẹ má wulẹ̀ dá y dúró nínú méjèèjì. Ẹ ṣe ìlọ́po olóríta: nọ́ńbà x ti èyí lọ́nà nọ́ńbà y ti ìyẹn, kí ó dọ́gba pẹ̀lú ìdàkejì rẹ̀. k × (−3) = 2 × 6, k jẹ́ −4. Kí ẹ tó fi bírò sílẹ̀, ẹ wò ó bóyá kì í ṣe ìlà kan náà ni wọ́n. 2x − 3y = 4 lọ́nà −2 jẹ́ −4x + 6y = −8; tiwa jẹ́ 9. Ìlà méjì ni. Ìlọ́po olóríta yìí wúlò ju bí ó ṣe rí lójú lọ, nítorí ó ń ṣiṣẹ́ fún ìlà òòró pàápàá, níbi tí −a/b ti kọṣẹ́.

Èyí tó ń mú ọ̀pọ̀ jù ni ti àlàfo. Kọ ìdọ́gba ìlà tó jẹ́ párálẹ́ẹ̀lì sí 3x + 4y = 10, tó fi 2 jìnnà sí i. Ọ̀pọ̀ á fi 2 kún 10, wọ́n á kọ 3x + 4y = 12. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí k bá fi 2 yí padà, ìlà náà kò fi 2 sún. Àlàfo tó gún régé láàárín ìlà méjì tí apá òsì wọn jọra ni ìyàtọ̀ àwọn k pín sí √(a² + b²). Níbí, √(9 + 16) jẹ́ 5, nítorí náà k ní láti fi 2 × 5, ìyẹn 10, yí padà. Ìdáhùn sì jẹ́ méjì, ọ̀kan lápá ìhín, ọ̀kan lápá ọ̀hún: 3x + 4y = 20 àti 3x + 4y = 0. Ẹ má sì fi àlàfo yìí pe gíga tí a lò níṣàájú. Bí ẹ bá wọn ìlà méjèèjì láti ìsàlẹ̀ sókè ní x kan náà, 10/4 lẹ máa rí, 2.5, nítorí òòró lẹ wọ̀n, kì í ṣe ọ̀nà tó kúrú jù.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ti ìlà tó gé ara wọn ní igun 90 tún máa ń gbé òfin ìyẹn wá síbí, wọ́n á yí m dorí kodò, wọ́n á yí àmì rẹ̀. Fún párálẹ́ẹ̀lì, a kì í yí nǹkan kan.

Lórí gíráàfù, àti nípa ẹ̀sún

Yíya ìlà méjèèjì dára fún àyẹ̀wò, yálà lórí bébà tàbí nínú GeoGebra, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya gíráàfù. Ìlà tó jẹ́ párálẹ́ẹ̀lì ní àǹfààní kan tí èyí tó gé ara wọn ní igun 90 kò ní: bí ẹ bá na àsíìsì x ju àsíìsì y lọ, igun 90 á daru lójú, ṣùgbọ́n párálẹ́ẹ̀lì á ṣì máa dà bíi párálẹ́ẹ̀lì.

Ojú náà ló sì lè tan wa jẹ lórí ọ̀ràn ẹ̀sún, ìyẹn désímà, nọ́ńbà tó ní àmì kékeré láàárín bíi 0.33. Ká ní ìlà àtijọ́ ni y = 1/3x + 2, ẹnì kan wá fi ẹ̀rọ ìṣirò sọ 1/3 di 0.33, ó sì kọ y = 0.33x + 5 ní ìdáhùn. Ẹ yà á, kò sí ẹni tó máa rí àṣìṣe níbẹ̀. Àmọ́ ìyàtọ̀ ìdagẹ̀rẹ́ méjèèjì jẹ́ 1/300, ìyàtọ̀ c jẹ́ 3, nítorí náà wọ́n máa pàdé ní x = 900, níbi tí y ti jẹ́ 302. Bébà tó mọ ní 20 kò lè fi ìyẹn hàn. Ẹ kọ méjèèjì ní ọ̀nà apá òsì, x − 3y = −6 àti 33x − 100y = −500, kí ẹ ṣe ìlọ́po olóríta: 1 × (−100) jẹ́ −100, 33 × (−3) jẹ́ −99. Wọn kò dọ́gba, nítorí náà ìlà méjèèjì kì í ṣe párálẹ́ẹ̀lì.